Pélé Mẹ́ta Lára Irin

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, inú ń bí Oyètúndé sí Taofeek, kò sì mọ̀ pé òkú lòun ń bínú sí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Taofeek ti lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin nítorí àyà tó ń dùn ún, láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà kò ti jẹ́ kí Oyètúndé mí. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yóò yọjú wo inú, yóò wo Oyètúndé bí ẹni ń wo àga tí ẹnìkan kò jókòó sí, yóò wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọ̀gá ń kọ́?"

Ọ̀gá wo? Àwọn méjèèjì ló jọ ni ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lára pátákó tí wọ́n kàn sókè ẹnu ọ̀nà, tirẹ̀ ni wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ kọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti pàgọ́ síbẹ̀, lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, Taofeek ni ayé ń pè ní Ọ̀gá. Oyètúndé ni wọ́n ń pè ní ẹnì kejì Ọ̀gá.

Ó ń tú ẹ̀rọ ìlọta kan lọ́wọ́ nígbà tí Hikmat, àkọ́bí Taofeek, wọlé, ìbòrí rẹ̀ ti yẹ̀ lórí. Kò kí i. Hikmat tí kì í kọjá níbẹ̀ láìkúnlẹ̀! Ó kàn dúró ti tábìlì irinṣẹ́, ó na ọwọ́, ó gbá òòlù bàbá rẹ̀ mú bí ẹni di ọwọ́ èèyàn mú.

"Dádì Ayọ̀, wọ́n ti ń gbé wọn bọ̀ láti Ìlọrin."

"Ṣé ara wọn ti yá?"

Ọmọ náà ń wò ó.

"Mo ní, ṣé ara wọn ti yá, Hikmat?"

"Wọ́n ti lọ, Dádì. Àsùbáà ni."

Sípánà tó wà lọ́wọ́ Oyètúndé bọ́ sínú epo dúdú tó wà nínú ike lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó dúró, ó ń retí kí ẹkún dé, ohun tó sì kọ́kọ́ dé kì í ṣe ẹkún. Ohun tó kọ́kọ́ dé ni pé kò sí ẹni tí yóò tún béèrè Ọ̀gá mọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Oyètúndé dúró lẹ́yìn èrò, ó di fìlà rẹ̀ mú níwájú bí wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́ọ̀nù, ó sì ń gbàdúrà tirẹ̀ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́yìn àdúrà tiwọn. Èrò náà pọ̀. Wọ́n ti Ojoku wá, wọ́n ti Ilemona wá. Àwọn kan tilẹ̀ ti Ẹ̀rìn-Ilé wá, pẹ̀lú bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe wà láàárín ìlú méjèèjì. Oyètúndé wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bi ara rẹ̀ pé, "Bí èmi bá kú, ta ni yóò ti Ẹ̀rìn-Ilé wá?"

Ojú ara rẹ̀ tì í. Ṣùgbọ́n ìlara tó ti bá èèyàn gbé láti kékeré kì í bi ni bóyá òkú ló wà nílẹ̀.

Àdúgbò kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Ilé Taofeek máa ń kọlà: pélé mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì, kúkúrú, ó dúró ṣánṣán. Bàbá Oyètúndé jẹ́ kátíkíìsì, ó ní abẹ kankan kò ní kan ojú ọmọ òun. Ní ọjọ́ kan Oyètúndé mú èédú, ó fa ìlà mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó jókòó síwájú dígí ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bíi ti Taofeek. Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ bá a. Ẹgba tó jẹ lọ́jọ́ náà kò pa á lára tó ọ̀rọ̀ tí Taofeek sọ nígbà tó gbọ́: "Má sunkún, Ọmọ Kátíkíìsì. Ìwọ náà á ní tìẹ." Ta ló bẹ̀ ẹ́ kó ṣàánú òun?

Wọ́n jọ lọ sí Jẹ́bà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ohun tí Oyètúndé ń kọ́ pẹ̀lú òógùn, àfi bí ẹni pé wọ́n ti sọ ọ́ fún Taofeek nínú oyún. Yóò ti ìka kan ṣoṣo bọ inú bíárìn, irin róbótó tí àwọn ọmọ irin wẹ́wẹ́ ń yí nínú rẹ̀ tí kíránkì, ọ̀pá irin àárín ẹ́ńjìnì, fi ń yí láìfarapa, yóò di ojú, yóò yí i lẹ́ẹ̀kan, yóò sì sọ bóyá ó ti ń jẹ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé, àwọn ọlọ́kọ̀ Jẹ́bà kò fi wọ́n sílẹ̀. Wọn a máa gbé ẹ́ńjìnì wọn sínú ọkọ̀ ojú irin, kí ó sọ̀ ní Ọ̀fà. Àwọn ará ìlú a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Odò wa kò gbé ju pẹ́pẹ́yẹ lọ, ẹ̀yin ń ṣe ẹ́ńjìnì ọkọ̀! Inú dírọ́ọ̀mù ni ẹ ó ti wà á ni?" Òótọ́ ni, inú dírọ́ọ̀mù omi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ẹ́ńjìnì náà ti ń kọ́kọ́ fọhùn.

Bí Taofeek bá parí iṣẹ́, yóò mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, yóò fa ìlà mẹ́ta wẹ́wẹ́ sára ilé kíránkì, gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Oyètúndé tí kò ní ilà a máa lu ojú kan ṣoṣo sí tirẹ̀, àmì kékeré róbótó. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ́ńjìnì tó kọ pélé ni àwọn fẹ́. Wọn kì í béèrè èyí tó ní ojú kan.

Àfi ọ̀kan. Ẹ́ńjìnì Ńdàkó, ọmọ Nupe tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò kọjá odò ní Jẹ́bà. Ọjọ́ Sátidé kan tí Taofeek lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ojoku ni Oyètúndé dá a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó pààrọ̀ bíárìn kíránkì rẹ̀, tó sì lu ojú rẹ̀ sí i lára. Láti ìgbà náà, ọdún ń gorí ọdún, ẹ́ńjìnì náà kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Òun ni irọ̀rí tí Oyètúndé ń sùn lé. Bí wọ́n bá ń yin Taofeek títí tí inú rẹ̀ fi korò, yóò sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ti Ńdàkó ń kọ́?"

Àní ọjọ́ kejì iṣẹ́ náà gan-an ni òun àti Taofeek jà. Wọ́n ti pín in láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ní ọ̀sán Jímọ̀, nígbà ìrun, Oyètúndé ni yóò nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tó bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn yóò wà ní títì, nítorí ẹnikẹ́ni kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó rí i pé ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Taofeek wà nínú ilé, ó ń nu ìkòkò tí wọ́n fi ń yan bíárìn nínú epo gbígbóná. Òórùn àlùbọ́sà jíjó gba gbogbo ibẹ̀, nítorí rírẹ́ àlùbọ́sà ni Taofeek fi ń mọ ìgbà tí epo bá gbóná tó.

"Iṣẹ́ ta lò ń ṣe?"

"Mo ń dín àkàrà ni, Ọmọ Kátíkíìsì. Ṣé o máa jẹ?"

"O ń gba oníbàárà lẹ́yìn mi! Bí mo bá ti yíjú sí Ọlọ́run, ìwọ a yíjú sí owó!"

Taofeek rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni Oyètúndé kò dárí rẹ̀ jì í. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí òjò fi dé.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ti rọ̀ nígbà tí Ńdàkó fúnra rẹ̀ dé, ẹ́ńjìnì náà nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ìbánikẹ́dùn, ó ṣe àdúrà fún òkú, lẹ́yìn náà ló jókòó lórí táyà.

"Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹgbẹ́ wa ní Jẹ́bà ti ṣèpàdé. Wọ́n ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kú, kí a máa gbé ẹ́ńjìnì wa lọ sí Lọ́kọ́ja. Mo ní, 'Ẹ dúró! Èyí tó wà ní ìdí ọkọ̀ mi ń kọ́? Ẹnì kejì ló ṣe é.' Wọ́n ní kò burú, ó ti ń dún báyìí, kí n gbé e padà fún un. Bó bá ṣe é kó dára, Ọ̀fà náà ni a ó máa wá."

Ó yí ẹ́ńjìnì náà lọ́wọ́. Ó kùn nínú bí ológbò tó jẹ ẹja ẹlẹ́ja.

"Bíárìn kíránkì ni," ni Oyètúndé wí.

"Mo mọ̀. Mo ti ra tuntun dání. Ṣé ẹ rántí ojú yín?" Ńdàkó fi ìka tọ́ka sí ojú kan tó wà lára irin náà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo Jẹ́bà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń pe tèmi ní olójú-kan."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà Oyètúndé jẹun bí ọmọdé. Ó ní fún Evelyn, ìyàwó rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, "Wọn yóò mọ̀ wàyí. Ọlọ́run kò jẹ́ kí n kú kí wọ́n tó mọ̀."

Evelyn ń ká aṣọ. Kò gbójú sókè. "Ta ni yóò mọ̀, Bàbá Ayọ̀? Ẹni tó ń wù yín kó mọ̀ ti lọ."

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó gbé ẹ́ńjìnì náà sórí tábìlì. Ó yọ orí rẹ̀, ó yọ àgbá ńlá tó ń yí lókè, ó tú gbogbo bọ́ọ̀tù tó so ilé kíránkì pọ̀, ó sì tò wọ́n bí wọ́n ti jáde. Kí ó tó ya ilé kíránkì sí méjì, ó fi àtàǹpàkò pa ojú kan náà, bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù onígi, ó rọra ń lù ú yíká. Kò fẹ́ là. Ó tún lù ú. Ó là.

Òwú funfun wà láàárín.

Òwú ìránṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó lọ yí etí irin náà ká nínú gọ́ọ̀mù, kò já níbì kankan. Oyètúndé kì í lo òwú. Kò lò ó rí láyé rẹ̀. Taofeek nìkan ló ń gba òwú lọ́wọ́ Nàfísàt ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ, tó ń tò ó sínú gọ́ọ̀mù kí omi má baà ríbi wọlé. Oyètúndé ló máa ń fi í ṣe ẹlẹ́yà: "Mẹkáníìkì ni ọ́ àbí télọ̀?"

Ó gbé kíránkì sókè. Ara òrùka bíárìn kọ̀ọ̀kan ni ihò kékeré kan wà. Nínú ilé kíránkì ni èèkàn irin kékeré wà tó gbọ́dọ̀ wọ inú ihò náà. Bí kò bá wọ̀ ọ́, tí a sì de bọ́ọ̀tù lé e, èèkàn yóò wó, òrùka yóò fún, kíránkì yóò há, ní àárín odò sì ni. Ó wo èèkàn ti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe èyí tó bá ẹ́ńjìnì wá. Ẹnìkan ló fi ọwọ́ rẹ́ ẹ láti ara irin líle, ó dán an bí eyín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ojú ọgbẹ́ kan wà tí wọ́n fi fáìlì pa mọ́.

Ó yé Oyètúndé wàyí: èèkàn tó wà níbẹ̀ ti wó lọ́wọ́ òun, Taofeek ló fi èyí rọ́pò rẹ̀. Àkàrà tí Taofeek ń dín lọ́jọ́ Ìsinmi nìyẹn.

"Olè!" Ó pariwo rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo. Ohun kan ṣoṣo tó ní! Ẹni tó ní pélé, tó ní orúkọ, tó ní èrò níbi ìsìnkú, òun náà ló tún ni èyí? Ó ju òòlù sílẹ̀, ó fa ilẹ̀kùn tì, ó sì gba ọ̀nà ilé Taofeek lọ. Kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ṣáà mọ̀ pé òun fẹ́ jà, ẹni tó fẹ́ bá jà kò sì sí.

Nàfísàt wà nínú opó. Hikmat gbé àga fún Oyètúndé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń fọhùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Bàbá Ayọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ìyá Hikmat, ẹ kú ìfaradà o. Ọlọ́run yóò tù yín nínú." Ìjà tó gbé wá ti rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó jáde ni, "Òwú ni mo wá tọrọ. Funfun."

Wọ́n gbọ́ tí obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí Hikmat gbọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. "Ẹ̀yin? Òwú? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ pé iṣẹ́ télọ̀ ni?"

"Mo tú ẹ́ńjìnì Ńdàkó."

Ohùn Nàfísàt rẹlẹ̀ wàyí. "Mo ti sọ fún un pé ẹ ó padà rí i lọ́jọ́ kan. Ó ti Ojoku dé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, ó ní òun fẹ́ lọ wo iṣẹ́ yín kí òun yìn yín. Ó yí i lọ́wọ́, ó ní ó wúwo. Kò sùn. Ó ní bí Ńdàkó bá gbé èrò lé e, wọn yóò kú. Ọjọ́ kejì ló gba òwú lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe kí ọ̀rẹ́ òun tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Mo bú u. Mo ní ó ń gba oníbàárà lẹ́yìn mi."

"Ó ní bí òun bá sọ, ẹ ò ní fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì ọkọ̀ mọ́ láyé. Ó ní òun ò lè dá ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú òun lọ sí Jẹ́bà, ẹ̀rù ló ń ba òun láti lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni. Oyètúndé ti gbàgbé. Òun ló kọ́kọ́ fẹ́ lọ sí Jẹ́bà, Taofeek ló ń tẹ̀lé e.

Hikmat ti abẹ́ kọ́tìnnì gba kẹ̀kẹ́ òwú funfun kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ó padà sídìí iṣẹ́. Ó fi púlà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń fa bíárìn, gbá ti àtijọ́ mú, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jọ̀wọ́. Kò lù ú. Ó wé kíránkì sínú yìnyín tó rà lọ́wọ́ ẹlẹ́ja dídì, kí ó lè sún kì. Ó gbé epo kaná, ó rọra sọ bíárìn tuntun sínú rẹ̀ kí ó lè fẹ̀, ó rẹ́ àlùbọ́sà, ó ń wò ó. Nígbà tí àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ó fi ẹ̀mú gbé bíárìn, ó fi sórí kíránkì, ó sì lọ wọ̀ọ́ títí dé ìdí láìsí òòlù. Ó ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀. Ó gbé kíránkì sínú ilé rẹ̀, ó bò ó, ó de bọ́ọ̀tù méjì mọ́ ọn, ó sì yí i.

Ó yí. Ẹlòmíràn ìbá ní ó dára. Ṣùgbọ́n ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó di ojú bí Taofeek ti máa ń di ojú, ó rọra yí i, ó sì kan ibì kan tó wúwo bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó sì gbé e mì. Àṣìṣe àtijọ́ náà ni: ihò ti yẹ̀ lórí èèkàn, bí irun orí. Bó bá de é báyìí, kò sí ẹnìkan tí yóò wá ní ọjọ́ Ìsinmi mọ́.

Ó tú u. Ó yí òrùka náà títí èèkàn fi wọ inú ihò rẹ̀, ó gbọ́ ọ tí ó ní tẹ́. Ó fi gọ́ọ̀mù sí etí irin, ó tú òwú Nàfísàt, ó sì tò ó yíká láìjẹ́ kí ó já. Ó de bọ́ọ̀tù láti àárín lọ sí ìkángun. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó lọ bí omi.

Nígbà tí Ńdàkó dé, ẹ́ńjìnì náà ti wà nínú dírọ́ọ̀mù.

"Ńdàkó, kí o tó gbọ́ ohùn rẹ̀, gbọ́ tèmi. Iṣẹ́ tó gbé ọ dé òní yìí, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Mo ṣe é, mo bà á jẹ́. Bàbá Hikmat ló tún un ṣe lẹ́yìn mi."

Ńdàkó wò ó. "Bàbá, bí mo bá sọ èyí ní Jẹ́bà, Lọ́kọ́ja ni wọn yóò lọ."

"Sọ ọ́."

"Ta ló wá ṣe ti òní?"

"Èmi ni."

Ọmọ Nupe náà súnmọ́ dírọ́ọ̀mù. Ó fa okùn. Ẹ́ńjìnì náà jí, omi inú dírọ́ọ̀mù dìde, ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ìkùnsínú kankan nínú rẹ̀. Ńdàkó tẹ́tí sí i pẹ́ títí kí ó tó pa á. "Méjèèjì ni mo máa sọ," ló wí. "Èyí tí ẹ sọ, àti èyí tí mo gbọ́. Ó yá, ẹ lu ojú yín sí i, kí n máa lọ."

Oyètúndé mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kúrò níbi tí Taofeek fi í sí. Ìlara náà ṣì wà nínú rẹ̀, kò lọ síbì kankan. Ó kàn jókòó jẹ́ẹ́, bí àgbàlagbà tó ti rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ilé kíránkì. Láti ọjọ́ èédú ìjọsí, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì fa irú rẹ̀ mọ́. Ó fa ìkíní lókè ojú kan náà, ó fa ìkejì, ó fa ìkẹta, kúkúrú, ó dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ eruku irin náà kúrò, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún.